Rọpárọsẹ̀: apá ni a ń wò, inú orí ni ọ̀ràn wà

Bí ẹnu àgbàlagbà kan bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá rẹ̀ kan sì rọ jọwọrọ, apá yẹn ni gbogbo ilé máa dojú kọ. Ẹnìkan á máa fi òrí pa á, ẹnìkan á máa fi aṣọ gbígbóná jó o, ẹlòmíràn á ti ránṣẹ́ pe ẹni tó mọ gbẹ́rẹ́ sín. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ṣe apá náà. Ẹran ara rẹ̀ pé, egungun rẹ̀ pé. Inú ọpọlọ tó ń pàṣẹ fún apá ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀, àkókò tí a sì fi ń pa òrí ni ọpọlọ fi ń kú lọ. Mo fẹ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé àwa ọmọ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo àìsàn tó ń gbé àwọn àgbà wa ṣánlẹ̀, n kò mọ èyí tí àṣìlóye wa nípa rẹ̀ pọ̀ tó o.

Ọpọlọ kéré lára wa. Ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, ṣùgbọ́n nínú 100 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ara ń lò, òun nìkan ń gba nǹkan bíi 20. Kì í sì í tọ́jú ìkankan pamọ́. Ẹran ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀ lè wà láìrí ẹ̀jẹ̀ fún bíi wákàtí kan kó má tíì kú. Ọpọlọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibì kan nínú rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ní ọdún 2006, Jeffrey Saver, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan bá dí nínú orí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń ṣòfò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, apá ọ̀tún ló sì ń darí ti òsì. Ìdí nìyẹn tí àìsàn yìí fi sábà ń mú ẹ̀gbẹ́ kan, tí yóò sì dá ìkejì sí. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, apá òsì ọpọlọ náà ni ọ̀rọ̀ sísọ fi ṣe ilé, nítorí náà ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú ló wọ́pọ̀ pé kí ohùn bá a lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú nìyí, n óò sì dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ohun méjì tó lòdì síra wọn pátápátá ló ń fa rọpárọsẹ̀. Ọ̀kan ni pé kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ dí. Ìkejì ni pé kí iṣan náà bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ tú sínú ọpọlọ. Ẹ wo páìpù tó ń gbé omi wá láti bóhóòlù àdúgbò. Bí ìdọ̀tí bá há sínú rẹ̀, omi kò ní jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí páìpù bá bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, omi kò ní jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ pẹ̀lú korobá lọ́wọ́ kò lè mọ èwo nínú méjèèjì ló ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa tí a dúró ti aláìsàn. Ẹnu tó wọ́, apá tó kú, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́: bákan náà ni yóò rí, ì báà ṣe dídí, ì báà ṣe bíbẹ́.

Dókítà gan-an kò lè fi ojú lásán pín in. Bí orí bá ń fọ́ aláìsàn gidigidi, tó ń bì, tí kò sì mọ ibi tó wà mọ́ láìpẹ́ sígbà tó bẹ̀rẹ̀, dókítà lè fura sí bíbẹ́, ṣùgbọ́n ìfura ni yóò jẹ́. Àwòrán inú orí, èyí tí ẹ̀rọ CT scan ń yà, ló ń sọ òótọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú máa ń funfun gbòò nínú àwòrán náà, kò sí bí yóò ṣe fara pamọ́. Ibi tó dí kì í sábà hàn dáadáa ní wákàtí àkọ́kọ́, nítorí náà bí àwòrán kò bá fi ẹ̀jẹ̀ hàn, tí gbogbo àmì sì wà lára aláìsàn, dókítà á mọ̀ pé dídí ló ń bá jà. Mo ti gbọ́ tí àwọn ẹbí ń bínú pé wọ́n sanwó scan, wọn kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àìrí ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ni ìdáhùn tí dókítà ń wá.

Ìdí tí èyí fi ṣe kókó tó bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tó ń gba ẹni àkọ́kọ́ là lè pa ẹni kejì. Oògùn kan wà tí wọ́n ń gún, tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Bí iṣan bá dí, tí wọ́n sì tètè fún aláìsàn ní oògùn náà, kí wákàtí 4 àbọ̀ tó pé láti ìgbà tí àmì bẹ̀rẹ̀, ó lè dá ọ̀pọ̀ nǹkan padà fún un. Bí ó bá jẹ́ pé iṣan bẹ́ ni, oògùn kan náà á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa tú síi. Aspirin kò yàtọ̀ sí i. Ó dára fún ẹni tí iṣan rẹ̀ dí, lẹ́yìn tí scan bá ti fi hàn pé kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú orí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pín ìmọ̀ràn kiri lórí WhatsApp pé kí a yára fi aspirin sí aláìsàn lẹ́nu nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ kò tíì mọ èyí tó ṣe é. Nílẹ̀ wa níbí ní Áfíríkà, ìdá àwọn tí iṣan tiwọn bẹ́ pọ̀ ju ti ilẹ̀ àwọn òyìnbó lọ, nítorí náà ewu àṣìlò yẹn pọ̀ fún wa ju tiwọn lọ.

Báwo ni iṣan ṣe ń dí? Nígbà mìíràn ọ̀rá ló ti ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan ọrùn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ẹ̀jẹ̀ á fi dì sí ojú rẹ̀. Nígbà mìíràn inú ọkàn ni ẹ̀jẹ̀ ti dì, pàápàá lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, tí ègé kan á já, tí á sì bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ há sínú orí. Èyí tó ń bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà ń fà á: àwọn iṣan tín-tìn-tín tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ á máa gba ìlù lójoojúmọ́ ayé, títí ọjọ́ tí ara wọn kò ní gbà á mọ́. Irú bíbẹ́ kan tún wà lórí awọ ọpọlọ, níbi tí iṣan ti wú bí eéwo kékeré, tó sì fọ́. Ti ẹni tí èyí ṣe kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú apá kíkú. Orí á fọ́ ọ lójijì, líle rẹ̀ á dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan, á sì sọ pé òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí láyé òun. Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má fún un ní paracetamol kí ẹ ní kó lọ sùn.

Ní ti àmì, ohun tí mo fẹ́ kí olúkúlùkù lè ṣe kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ jókòó níwájú onítọ̀hún. Ẹ ní, “Ìyá, ẹ rẹ́rìn-ín fún mi kí n rí eyín yín.” Ẹ wò ó bóyá igun ẹnu méjèèjì ló gòkè tàbí ọ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, “Ẹ di ojú, ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè.” Ẹ kà dé 10. Bí apá kan bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ sì ń yí dojú bolẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá. Ẹ wá ní kó tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́yìn yín, bíi “Mo ti oko kajú dé, ẹ bu oúnjẹ fún mi.” Bí ohùn bá lọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ tó jáde kò jọ èyí tí ẹ sọ, tàbí tó ń wò yín tí kò rí nǹkan kan sọ, ọ̀kan ṣoṣo péré nínú mẹ́ta wọ̀nyí ti tó láti gbéra. Ojú kan tó ṣàdédé ṣókùnkùn, tàbí ẹni tó dìde tó ń ta gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mutí tí kò sì mutí, wà lára rẹ̀ pẹ̀lú.

Wàyí o, ohun kan wà tó ń tan àwa ènìyàn jẹ ju gbogbo rẹ̀ lọ: èyí tó wá, tó sì lọ. Bàbá kan lè máa jẹun lọ́wọ́, kí òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́ fún bíi ìṣẹ́jú 15, kí ara rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò bí ẹni pé kò sí nǹkan. Gbogbo ilé á dúpẹ́, wọ́n á ní Ọlọ́run ti yọ ọ́, wọ́n á tún padà sídìí oúnjẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tó dì há, ó sì tún yọ́ fúnra rẹ̀. Ibi tó ti wá, òmíràn lè tibẹ̀ wá. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn irú rẹ̀ ni ewu rọpárọsẹ̀ gidi ga jù lọ, ewu náà sì ń bá a lọ fún bí oṣù mẹ́ta. Ẹ dúpẹ́ o, ọpẹ́ yẹ, ṣùgbọ́n nínú mọ́tò tó ń lọ sí ọsibítù ni kí ẹ ti máa dá a. Kò sí ìgbà tí oògùn àti ìtọ́jú wúlò tó ìgbà yẹn, tí ara ṣì pé, tí kò sí nǹkan tó tíì bàjẹ́.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tó ń jọ ọ́. Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ènìyàn máa sọ ìsọkúsọ, kí apá kan rọ, pàápàá ẹni tó lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí kò sì jẹun. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ gún ìka aláìsàn kó wo ṣúgà rẹ̀. Ẹni tí wárápá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lè rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, tó forí gbá, tó ní kò sí nǹkan, ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra jọ sábẹ́ eegun orí rẹ̀ títí apá kan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Iṣẹ́ abẹ lè mú tirẹ̀ kúrò. Ó tún wá ku èyí tó ń wọ́ ojú nìkan, tí apá àti ẹsẹ̀ kò ní nǹkan kan ṣe. Bell's palsy ni wọ́n ń pè é. Ọpọlọ kọ́ ni ó ti wá. Iṣan ìmọ̀lára ojú ló wú níbi tó ti gba ẹ̀gbẹ́ etí kọjá, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó mú ló sì ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù mélòó kan. Àmì tí dókítà fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ wà níwájú orí. Ẹni tí Bell's palsy mú kò lè pa iwájú orí pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tó wọ́, kò sì lè pa ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn dé. Ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ sábà máa ń lè ṣe méjèèjì, nítorí pé apá òsì àti apá ọ̀tún ọpọlọ ló jọ ń pàṣẹ fún iwájú orí.

Èyí ló bí ọ̀pọ̀ ìtàn ìwòsàn tí a ń gbọ́. Ẹnìkan ní oníṣègùn kan wo rọpárọsẹ̀ bàbá òun sàn lọ́jọ́ mẹ́ta. Ó lè jẹ́ ojú wíwọ́ tó ń lọ fúnra rẹ̀ ni, ó sì lè jẹ́ èyí tó wá tó sì lọ. Oníṣègùn náà lè má purọ́; ohun tó rí ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìtàn bẹ́ẹ̀ gbé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń kú pamọ́ sínú ilé. Ẹ má sì dá a yẹ̀ wò fúnra yín nílé pé ojú nìkan ni. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

N kò fẹ́ fojú di ẹni tó gbà pé ọfà ayé ni. Ọ̀nà tí àìsàn yìí ń gbà wá ló jẹ́ kó rọrùn láti gbà bẹ́ẹ̀: ẹni tí ara rẹ̀ le lánàá, tó lọ sóko, tó padà, tó kí wa “Okun o” lójúde, tí a sì jí bá a lórí ẹní láàárọ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀. Ta ni kò ní wò yí ká wá ọ̀tá? Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni èyí tó ń dí máa ń pọ̀ jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru a máa gòkè bí ara bá ń jí, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ a sì máa tètè dì nígbà yẹn. Àìsàn náà ti ń bọ̀ láti ọdún pípẹ́, ó kàn jẹ́ pé kì í dun ni lójú ọ̀nà. Ó sì ti pẹ́ láàárín wa: láti ọdún 1973 sí 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣuntókun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ń kọ orúkọ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú nílùú Ìbàdàn sínú ìwé, kí wọ́n lè mọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á. Pásítọ̀ tàbí àáfà lè bá wọn wọ mọ́tò.

Kí mọ́tò tó dé, kí ni kí a ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń pa ènìyàn láìmọ̀. Ẹ má fún un ní omi. Ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má rọ ògì sí i lẹ́nu kí ara rẹ̀ lè gbà á. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ni kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ẹ óò rí i tí ọ̀fun rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó gbé e mì, àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró ni omi náà gbà lọ, ó tiẹ̀ lè máà húkọ́ rárá. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì-kẹta ibà á dé, mímí á nira, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró á sì pa ẹni tí rọpárọsẹ̀ kò pa. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí itọ́ tàbí èébì lè ṣàn jáde.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yára já ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wálẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí á ya yín lẹ́nu. Bí ẹ bá wọn ẹ̀jẹ̀ ẹni náà, ó lè ga dé 190 tàbí 200, ọmọ ilé kẹ́míìsì á sì ní ká tètè fi nifedipine sábẹ́ ahọ́n rẹ̀, tàbí ká fún un ní gbogbo oògùn tó ti gbàgbé láti lò lọ́sẹ̀ yìí. Ara ló gbé ẹ̀jẹ̀ náà ga láti fi ti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ dé ibi tó ń kú lọ nínú ọpọlọ. Bí ẹ bá já a wálẹ̀ lójijì, ibi tí ìbá yè á kú pẹ̀lú. Nínú ọsibítù, bí iṣan bá dí, tí wọn kò sì fún aláìsàn ní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀, àwọn dókítà lè fi ẹ̀jẹ̀ ríru náà sílẹ̀ bó ṣe wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àfi tó bá kọjá 220 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀. Bí iṣan bá bẹ́, wọ́n á rọra fà á wálẹ̀. Ẹ rí i pé a tún padà sórí ọ̀rọ̀ kan náà: ẹni tí kò rí inú orí kò mọ èyí tó yẹ kó ṣe.

Ohun tó yẹ kí ẹ mú dání ni àkókò. Kì í ṣe ìgbà tí ẹ rí i. Ìgbà tí ara rẹ̀ yá gbẹ̀yìn ni dókítà máa béèrè. Bí ó bá sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́ tí ara rẹ̀ yá, tí ẹ jí bá a bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́fà, aago mẹ́wàá alẹ́ ni ẹ máa sọ, àfi bí ẹnìkan bá bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó dìde tọ̀ lóru. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá kan, ẹ mú un lọ.

Ọ̀nà wá ni ìṣòro tiwa. Ẹni tó wà ní Kàbbà lè gba ọ̀nà Ọ̀bájànà lọ sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ẹni tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ ní ọsibítù ECWA nítòsí, ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán sì lè gbé e dé Ìlọrin. Àwọn ará Ìjùmú mìíràn máa ń kọjú sí Ìdó-Èkìtì. Wákàtí 4 àbọ̀ kò pọ̀ rárá bí a bá ti fi méjì nínú rẹ̀ jíròrò. Ẹ̀rọ scan lè bàjẹ́, iná lè má sí, nítorí náà ẹ fóònù kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè pé: ṣé ẹ̀rọ CT scan yín ń ṣiṣẹ́ lónìí? Bí ọsibítù tó súnmọ́ yín kò bá ní i, ó ṣì dára kí ẹ kọ́kọ́ yà níbẹ̀ bí aláìsàn kò bá mí dáadáa tàbí tí kò mọ ibi tó wà, kí wọ́n wo ṣúgà rẹ̀, kí wọ́n fún un ní ọ́síjìn, kí wọ́n sì kọ ìwé tí ẹ máa mú lọ sí ọsibítù tó ní scan. Èmi tiẹ̀ gbà pé ó yẹ kí ẹbí kọ̀ọ̀kan ti mọ̀ ṣáájú ọjọ́ burúkú ẹni tó ní mọ́tò tí a lè jí lóru àti ọsibítù tí a máa gbà lọ. Bí wákàtí náà bá sì ti kọjá, ẹ má jókòó sílé. Ìtọ́jú tó péye nínú ọsibítù, láti orí bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ dé orí bí wọ́n ṣe ń yí i padà kí egbò má mú un lẹ́yìn, ń gba ẹ̀mí là láìsí abẹ́rẹ́ kankan.

Nísinsìnyí, ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣáájú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní SIREN, ní Nàìjíríà àti Ghana, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Wọ́n fi àwọn alárùn rọpárọsẹ̀ tó ju 2,000 lọ wé àwọn tí kò ní i. Nínú 10 tó ní i, ó ju 9 lọ tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, ikùn ńlá àti àárẹ̀ ọkàn wà níbẹ̀, iyọ̀ tí à ń bù sórí oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Èyí tó gbà mí lọ́kàn ni pé àìjẹ ewébẹ̀ tútù déédéé wà lára ohun tó ń fà á. Àwa tí ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ àti ewúro ń hù lẹ́yìnkùlé wa! Iyán wa kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì dín kúùbù Maggi kù, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kó má kún ṣíbí tíì kan, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ti inú kúùbù.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fọ́ orí, kì í sábà dun ni. Àjọ kan náà ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn àgbàlagbà tó ní i káàkiri ayé tí kò mọ̀ pé àwọn ní i. Wíwọ̀n nìkan ló ń fi í hàn, wíwọ̀n tí a kò ṣe dáadáa sì burú ju àìwọ̀n lọ. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ kọ́ra. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ ká aṣọ kúrò ní apá, ẹ gbé apá náà lé tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba. Ẹ má bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ bó ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó sáré gun okè wá sí ìpàdé, tí wọ́n fi ẹ̀rọ wé apá rẹ̀ lórí agbádá, nọ́ńbà tó máa rí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá wà ní 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́jọ́ tó ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé.

Oògùn rẹ̀ kì í tán. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ti ń ṣubú. Wọ́n lo páálí kan, wọ́n lọ wọ̀n ọ́n, ó wálẹ̀, wọ́n ní ara ti yá, wọ́n sì dáwọ́ dúró. Oògùn náà ló mú un wálẹ̀. Bí oògùn bá kúrò, á tún gòkè. Ẹ̀yin ọmọ tó wà ní Àbújá àti Èkó, bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ẹ béèrè páálí oògùn tó kù lọ́wọ́ màmá yín bí ẹ ṣe ń béèrè oúnjẹ.

Àgbà nìkan kọ́ ló ń mú. Ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lè ní i láti ọmọ ọdún méjì, nítorí inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ rẹ̀ ń há sí i. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí láti mọ ọmọ tó wà nínú ewu, oògùn hydroxyurea sì ń dín in kù. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú, ọsibítù lónìí, kì í ṣe ọjọ́ àyẹ̀wò oyún tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá yè é, ẹ gbọ́ díẹ̀ nípa rẹ̀. Apá tó kú wúwo, iṣan èjìká kò sì gbà á mú mọ́, nítorí náà ẹ má fà á dìde ní ọwọ́ yẹn, eegun á yẹ̀, ìrora rẹ̀ á sì wá dí i lọ́wọ́ ju àìsàn náà lọ. Ẹ gbá a mú ní ìbàdí tàbí lábẹ́ abíyá kejì. Ẹni tó ń sọ “ṣíbí” nígbà tó fẹ́ sọ “omi” kò ya wèrè. Ó mọ ohun tó fẹ́, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde ló bàjẹ́, ó sì lè gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ lórí rẹ̀ nínú yàrá. Ẹ béèrè ohun tó lè fi orí dáhùn, ẹ fún un láyè. Àwọn kan máa ń bú sẹ́kún tàbí ẹ̀rín láìnídìí, ọpọlọ ló fà á, kì í ṣe ìwà. Àwọn kan á dákẹ́, oúnjẹ kò ní wù wọ́n, wọn kò ní fẹ́ rí ènìyàn. Ìbànújẹ́ yẹn náà jẹ́ àìsàn, ó ní ìtọ́jú, ẹ sọ fún dókítà. Físíò, ìtọ́jú tó ń kọ́ ara bí yóò ṣe tún máa ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìfọwọ́ra lásán. Bí aláìsàn bá ń fúnra rẹ̀ ṣe nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, ọpọlọ á máa wá ọ̀nà mìíràn láti fi pàṣẹ. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni èyí ń yá jù, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀.

Nínú rọpárọsẹ̀ 4, nǹkan bí 1 jẹ́ ti ẹni tó ti mú rí. Nítorí náà, ẹ tọ́jú fíìmù scan àti ìwé tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e, ẹ fi ọ̀rá wé e kí omi má bà á jẹ́, ẹ sì máa gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà èyíkéyìí tí ẹ bá ń lọ. Dókítà tuntun ní láti mọ̀ bóyá èyí tó dí ni tàbí èyí tó bẹ́, kó tó mọ̀ bóyá aspirin tọ́ sí aláìsàn náà títí ayé tàbí ó gbọdọ̀ jìnnà sí i.